Orí Mi Fi Ikùn Wọkọ̀ Lọ sí Íńdíà

Ẹ̀yin ará Kemta, èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, kò sẹ́ni tó kọjá níwájú ilé mi tí kò ní dúró bèèrè pé báwo ni Íńdíà ṣe rí. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ tán, á tún lọ mú ọmọ rẹ̀ wá kí n tún un sọ. Ó ti sú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ-ọmọ mi, Tọ́lá, jókòó kó máa kọ ọ́. Màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó lọ kà á, kí n lè rójú jẹun.

Bí orí ṣe dé inú ikùn

Káfíńtà òrùlé ni mí. Ẹ̀yin tí páànù yín kì í jò, ẹ mọ ẹni tó kàn án. Lọ́jọ́ tí mo jábọ́, Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mo wà, mò ń tún òrùlé ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ṣe. Mo gbẹ́sẹ̀ lé igi tó ti jẹrà. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Wọ́n ní ọpọlọ mi wú débi pé kò ráàyè nínú agbárí mọ́. Dókítà wá gé egungun agbárí mi lápá òsì, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí páànù kan kí ooru lè jáde nínú yàrá. Wọ́n á dá a padà tí wíwú náà bá lọ. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú egungun náà síbi tí kò ti ní bàjẹ́. Ẹ máa rò pé inú fíríìjì ni. Rárá o. Wọ́n la abẹ́ awọ ikùn mi, wọ́n tì í bọ ibẹ̀, wọ́n rán an pa. Wọ́n ní ara ẹni ló mọ nǹkan ẹni tọ́jú jù.

Nígbà tí mo lajú, Bímpé, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà, ló ṣàlàyé fún mi. Mo fọwọ́ kan ikùn, mo bá nǹkan líle bí àfọ́kù igbá. Mo fọwọ́ kan orí, ibẹ̀ rọ̀, ó sì wọnú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n padà sùn.

Dókítà wá ṣe òfin fún mi. Mi ò gbọdọ̀ jáde láìdé akoto, irú èyí tí ọlọ́kadà ń dé. Mi ò sì gbọdọ̀ fi ikùn lélẹ̀ fún ohunkóhun. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Bàbá Alákoto. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mò ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ mi lọ́jọ́ kan, àlejò kan dá mi dúró pé kí n gbé òun dé Sàpọ́n. Mo ní mi ò ní ọ̀kadà. Ó ní kí wá ni mo ń ṣọ̀lẹ sí, kí n lọ gbé e wá.

Ohùn tó ń ti òkè wá

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ló kù láyé, obìnrin ni, ó wà nílé ọkọ ní Ọ̀fàdà. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní ìkókó. Òun, tó jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà, ló ń wẹ̀ mí, òun ló sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ orí mi láràárọ̀ kó lè rí ribiti. Nítorí náà, pẹ̀lú gbogbo ewú tí mo hu yìí, mi ò kí i rí láìdọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ kí i. Mo tẹríba bí mo ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó, mo ní, "Ẹ kú ilé, ìyá mi." Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ń yan ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lókè yẹn?"

Ìyàwó ní bàbá Kemta ni.

"Irọ́ ni. Ohùn Àkànní kì í ti òkè wá. Ilẹ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ."

Mo ṣàlàyé pé egungun orí mi wà nínú ikùn mi, pé bí mo bá dọ̀bálẹ̀, orí ara mi ni mo ń dùbúlẹ̀ lé. Ó ní òun ti gbọ́ àwáwí oríṣiríṣi láti ẹnu ọkùnrin, òun ò gbọ́ irú èyí rí. Mo bá mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé kòtò orí mi.  Mo gbé e lé ikùn. Ó tẹ̀ ẹ́, mo ké. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Mi ò sì lè pa irọ́ fún un, mo sọ èyí tó kù. Dókítà tó gbé e síbẹ̀ ti lọ sókè òkun láti lọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó kú díẹ̀ kí ó dá tèmi padà. Bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn ilé onílé, tó wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní egungun tó bá pẹ́ jù nínú ikùn a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá yọ́ tán, ike ni wọ́n máa fi dí i. Ó ní ká lọ bá ọ̀gá kan ní Íńdíà, níbi tóun ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àkànní, ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ orí náà. Òun ni kí o gbé wá fún mi. Bí o bá lọ gbé orí ike wá, má dé ọ̀dọ̀ mi."

Ó gba ìrẹsì lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń bá a yàn án. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àwọn tó ń fọwọ́ pa èèyàn lára

Ní Èkó, kí a tó wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ń fọwọ́ pa èèyàn lára wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fọwọ́ pa àyà mi, kò rí nǹkan. Ó dé ikùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún un tẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ gbé pamọ́ síbí?"

"Orí mi ni."

"Bàbá, mi ò bá yín ṣeré o."

"Èmi náà ò bá ọ ṣeré."

Bímpé ti kọjá síwájú, ó ń wọ bàtà rẹ̀ padà. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá wọn dé, obìnrin tó sanra dáadáa. Wọ́n ti tú àpò mi, wọ́n ti rí ìyẹ̀fun láfún tí ìyàwó mi dì sínú ọ̀rá fún mi. Ìyẹ̀fun funfun nínú àpò, nǹkan líle nínú ikùn. Ká ní èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́ yẹn, mi ò ní jẹ́ kí irú èmi kọjá.

Ọ̀gá ní kí n sọ òótọ́, kí ni mo gbé mì? Mo ní mi ò gbé nǹkan kan mì, òkè ni wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀. Ó ní òkè ibo? Mo bá ṣí akoto.

Ọ̀gá sún mọ́ mi. Ó wo kòtò orí mi, ó wo ikùn mi, ó tún wo orí, bí ẹni tó ń fojú wọn ìdérí mọ́ ìkòkò. Ọmọkùnrin tó fọwọ́ pa mí ti sún sẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Bímpé sáré padà dé, ó ń fi òyìnbó ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Ó ti tọ́ láfún wò pẹ̀lú ìka kan. Ó ní, "Láfún Ẹ̀gbá nìyí. Ará Ìbarà ni ìyá mi." Ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó ní, "Ẹ máa lọ, sà. Ọlọ́run á bá yín gbé e dé àyè rẹ̀."

Nínú ọkọ̀, ọmọbìnrin kan wá fi bẹ́líìtì dè mí mọ́ àga, ó sì fà á le. Mo ní kí Bímpé sọ fún un pé orí mi ló ń dè. Bímpé ní òun ò ní sọ ọ́. Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú títí a fi balẹ̀. Àwọn tó jókòó tì mí rò pé inú ló ń run mí. Gbogbo wọn ló na àpò tí wọ́n ń bì sí sí mi.

Ìlú tí a kì í kíra

Ṣẹnáì ni wọ́n ń pe ìlú náà. Mo ti rò pé gbogbo òkè òkun ló tutù. Ìyàwó mi tiẹ̀ di súwẹ́tà sínú àpò. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ báyìí, ooru tó gbá mi lójú ju ti Abẹ́òkúta lọ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kún títì. Ọkùnrin gbé ìyàwó àti ọmọ sórí ọ̀kadà kan. Màlúù dúró sáàárín ọ̀nà, mọ́tò ń yà fún un bí ìgbà tí ọba ń kọjá. Mo ní, "Bímpé, ṣé ó dá ọ lójú pé a ti kúrò nílé?"

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé a ti kúrò nílé ni pé kò sẹ́ni tó kí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù láàárọ̀, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde, wọ́n ń wò mí, pàápàá akoto, wọn ò sọ nǹkan kan. Kò dáa kí èèyàn dúró bí òpó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Bímpé ní wọn ò gbọ́. Mo ní ìyẹn ò kàn mí, èmi ti kí tèmi. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ìyá tó ń gbálẹ̀ ti ń dáhùn. "Káàárọ̀" ni òun máa ń wí, bí ẹni ń kí ọmọ rẹ̀. Mo dárí jì í.

Ẹ má rò pé wọn ò lẹ́kọ̀ọ́ o. Wọn kì í fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó jẹ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni èyí: ọkùnrin gìrìwò kan wọ yàrá wa, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá náà. Ó wá kọjú sí mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ẹsẹ̀ tèmi. Mo fò sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé bàtà mi ló fẹ́ mú. Bímpé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní ìyá yẹn ì bá bá àwọn èèyàn yìí gbé.

Bàbá oníbátìrì

Bàbá tí mo sọ yẹn, tó ni bẹ́ẹ̀dì kejì, Rájú lorúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Òun ò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ tiwọn, àwa méjèèjì ò sì gbọ́ òyìnbó. A jókòó, à ń wo ara wa. Nígbà tó yá, ó nàka sí akoto mi, ó ṣẹ́wọ́ pé kí ló dé? Mo ṣí i, mo fi kòtò hàn án, mo wá ká aṣọ sókè, mo fi ikùn hàn án. Ojú rẹ̀ là. Ó ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù tiẹ̀, ó fi àpá kan hàn mí lábẹ́ èjìká. Bímpé bi ọmọ rẹ̀: bátìrì ni wọ́n fi síbẹ̀ kó máa bá ọkàn rẹ̀ lù, egbò ibẹ̀ kẹ̀, wọ́n yọ bátìrì kúrò, ó wá fẹ́ gba òmíràn sí apá kejì. Èmi ń wá ibi tí wọ́n á dá orí mi padà sí, òun ń wá ẹni tó máa ki bátìrì bọ̀ ọ́. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì wá wò wá pé kí ló ń ṣe àwọn arúgbó yìí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ wá. Ó funfun, ó rí roboto, ó kan díẹ̀ lẹ́nu bí ẹ̀kọ, ìrẹsì lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọbẹ̀ rẹ̀ ta dáadáa. Mo wá ẹran inú ẹ̀, mi ò rí i. Mo ro ọbẹ̀ náà títí, mi ò rí eegun ẹja pàápàá. Bímpé ní wọn kì í jẹ ẹran nílé tiwọn. Mo ṣàánú wọn, mi ò sọ ọ́ jáde. Nígbà tí Bímpé rí iná, ó ro láfún, mo bu fún Rájú. Ó gbé e sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹran. Mo gbé òkèlè tèmi mì kó lè rí i. Ó gbìyànjú, ó gbé e mì, ó di àyà mú. Ọmọ rẹ̀ pe nọ́ọ̀sì. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó tún na ọwọ́ pé kí n bu sí i.

Orí tó ń mì

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà kéré lójú mi, irun rẹ̀ dúdú kirikiri. Wọ́n ti ya fọ́tò inú ara mi. Ó ní etí egungun náà ti yọ́ lápá ibì kan.  Mo ní kí Bímpé bi í, kó sì bi í dáadáa: ṣé egungun mi ló máa dá padà?

Bímpé bi í. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi orí sósì, bí igbá tó ń léfòó lórí omi. Ó jáde.

Nílẹ̀ wa, bí ẹ bá bi oníṣègùn léèrè ọ̀rọ̀, tó wá mirí sí yín, ṣé ẹ ṣì máa dúró gbọ́ èyí tó kù? Bímpé lọ ra omi. Mo wọ bàtà, mo dé akoto, mo gbé àpò mi. Rájú ń pè mí, mi ò dá a lóhùn. Mo ní bí wọ́n bá fi ike sí mi lórí, ọ̀nà Ọ̀fàdà ti dí mọ́ mi. Ó sàn kí n gbé kòtò orí mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, kó máa fọwọ́ wá ohùn mi lókè, ju kó má fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ rárá.

Mo dé géètì. Mo fọwọ́ ṣe bí ọkọ̀ òfurufú sí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, mo ní, "Abẹ́òkúta." Ó mirí. Òun náà kọ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró. Mo ní, "Abẹ́òkúta." Oníkẹ̀kẹ́ mirí, ó mi ín dáadáa, ó sì nàwọ́ sí àga ẹ̀yìn kí n wọlé.

Mo dúró. Ẹni tó kọ̀, tó tún ń ní kí n wọlé? Mo tún un sọ, "Abẹ́òkúta, Kemta." Ó tún mirí, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú mi lójú.

Bímpé ló kọ́kọ́ sáré dé, dókítà tẹ̀ lé e. Dókítà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fò. Bímpé ń mí hẹlẹ, ó ní, "Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni níbí. Ó gbà ló ṣe mi orí." Ó wá túmọ̀ ohun tí dókítà sọ: "Egungun yín ni, bàbá. Gbogbo ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ni màá lò. Ibi tó bá ti yọ́ nìkan ni màá fi nǹkan míì dí."

Ó sọ ọ́ tán, ó tún mirí.

Mo ní, "Bímpé, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá ń ṣe tèmi, kó jọ̀ọ́, kó mú orí tiẹ̀ dúró."

Mo jí

Mi ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ náà, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́. Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ síkùn. Ibẹ̀ tẹ́jú. Mo sunkún díẹ̀.

Dókítà ti fi egungun náà han Bímpé kó tó dá a padà. Bímpé ní ó dà bí ìgbà tí eku bá jẹ etí bisikí. Èyí tó pọ̀ jù wà níbẹ̀. Apá tó wà lẹ́yìn etí mi ló ti lọ, wọ́n sì fi irú sìmẹ́ńtì kan tí àwọn dókítà ń lò dí i. Wọ́n fi ìṣó kéékèèké kan gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní kí ó bá mi béèrè bóyá wọ́n fi wáṣà sí ìdí ìṣó náà, torí ibi tí kò bá sí wáṣà ni òjò ń gbà wọlé. Dókítà mirí. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ tí a ń lọ, bátìrì Rájú ti wà lápá kejì, ó ń ṣiṣẹ́. Mo fi láfún tó kù sílẹ̀ fún un. Ó mi orí sí mi, èmi náà mi tèmi sí i. Mo rọra mì ín ni.

Ilẹ̀

Mo kàn wẹ̀ ní Kemta ni, mo dé fìlà, a kọjá sí Ọ̀fàdà. Lójú ọ̀nà mo sọ fún Bímpé pé kò gbọdọ̀ mẹ́nu kan sìmẹ́ńtì.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé, ìyá mi."

Ó yíjú sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ yẹn?"

"Àkànní ni."

"Mo gbọ́. Sún mọ́ mi."

Mo rá dé ìdí àpótí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí. Ó ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bọ̀, bí ìgbà tí omi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé òsì. Ó gba orí egungun kọjá. Ó dé ẹ̀yìn etí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bímpé gbójú sókè, ó ń wo páànù.

"Ibí yìí kì í ṣe tìẹ."

Mo ṣì dojú bolẹ̀.  Ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ yí ká.

"Ẹ̀yìn etí yìí, ìwọ ò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ rí nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Bí mo bá ti kàn án báyìí, wàá han. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn, tó wọnú títí o fi hu ewú. Gbogbo ìgbà tí o bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, tí mo bá fọwọ́ kàn ọ́ lórí, ibẹ̀ ló ń dùn mí." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ta ló bá mi parí ẹ̀?"

Mo ní, "Ọmọ kan ní Íńdíà ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Kí o bá mi kí i kú iṣẹ́."

Ó ní kí n dìde, pé erùpẹ̀ ń ba aṣọ mi jẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣì wà níbẹ̀ ná.